Kaun Inú Ewédú

Ìyá àgbà kan wá sí dìsípẹ́ńsárì wa lẹ́bàá Lálúpọn. Mo wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn, ó ga púpọ̀. Wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì, mo ti jáwọ́ nínú iyọ̀." Mo bi wọ́n pé, "Ìyá, kí ni ẹ fi ń se ewédú?" Wọ́n ní, "Kaun ni. Ṣé ó lè fà láìsí kaun?"

Ẹ̀yin ìyálé ilé, péktìnì àti irú rẹ̀ ni ó ń mú ilá àti ewédú fà. Ó wà nínú èèpo ọsàn pẹ̀lú. Ṣúgà àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ a máa mú un dì, bíi ti jáàmù. Kaun kì í mú un dì; títú ni ó ń tú u lórí iná. Ewé á tètè rọ̀, ọbẹ̀ á fà. Bí ó bá wá pọ̀ jù, a gé péktìnì wẹ́wẹ́, ọbẹ̀ á ṣàn bí omi, fítámì inú ewé á sì bàjẹ́.

Èyí tí ó burú jù ni pé sódíọ̀mù inú iyọ̀ wà nínú kaun náà. Òun ni ó ń mú ẹ̀jẹ̀ ru. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn dókítà ní Zaria fura sí ẹ̀kọ oníkaun tí àwọn abiyamọ ń mu, nígbà tí àìsàn ọkàn ń ṣe wọ́n.

Ẹni tí ó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, kí ó fi kaun sílẹ̀. Ẹ já ewé tútù, ẹ fi omi díẹ̀ sè é, kí ẹ sì fi ìjábẹ̀ lù ú dáadáa. Yóò fà. Àṣejù, baba àṣetẹ́.