Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọ Ọmọ Lórúkọ: Ọ̀rọ̀ Lórí Nọ́ńbà Àdírẹ́sì Nínú Kọ̀ǹpútà

Ẹni tí ó ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ kì í sábà sọ̀rọ̀ nípa ohun tí ó wà nínú ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà náà a máa sọ nǹkan lórúkọ, orúkọ sì ni iṣẹ́ wa. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ọ̀rọ̀ náà kàn wá.

Ẹ jẹ́ kí á ti ilé wò ó. Ifákọ̀ méjì ni ó wà ní Èkó. Ọ̀kan wà lẹ́bàá Gbàgádà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́. Èkejì wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ifákọ̀-Ìjàyè. Bí ojú ìwé bá kéré, tí a wá kọ ‘Ifákọ̀, Èkó’ nìkan, lẹ́tà wa lè dé ilé tí a kò fi ránṣẹ́ sí. Àdírẹ́sì tí a gé kúrú léwu nítorí pé ó ṣì jọ àdírẹ́sì.

Kernel ni ọkàn ètò tí ń darí kọ̀ǹpútà. Òun ni ó ń fi nọ́ńbà ṣe àkọsílẹ̀ ibi tí mẹ́mọ́rì àti ẹ̀yà ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan wà. Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ní iye ààyè tirẹ̀, ààyè kọ̀ọ̀kan kò sì gbà ju 0 tàbí 1 lọ. Ààyè 32 tó fún àdírẹ́sì 4,294,967,296. Bí ẹ̀yà kan bá wà ní 4,294,971,392, ààyè 32 yóò gé orí nọ́ńbà náà, 4,096 ni yóò sì kọ sílẹ̀. Ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn ni kernel yóò lọ kàn.

Fún ìgbà pípẹ́, irú nọ́ńbà tí ń jẹ́ unsigned long ni Linux fi ń kọ àdírẹ́sì wọ̀nyí. Orúkọ yìí kò sọ iṣẹ́ tí nọ́ńbà náà ń ṣe. Gígùn nìkan ni ó ń sọ, gígùn náà sì jẹ́ 32 lórí ẹ̀rọ tí ń fi ààyè 32 ṣírò. Èrò tí ó wà nídìí rẹ̀ ni pé àdírẹ́sì kò lè gùn ju nọ́ńbà tí ẹ̀rọ fi ń ṣírò lọ. Ní 1995, Pentium Pro ti ilé-iṣẹ́ Intel fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀: ààyè 32 ni ó fi ń ṣírò, ṣùgbọ́n ó lè fi ààyè 36 tọ́ka sí mẹ́mọ́rì.

Ní 2006, Linux yí orúkọ náà padà sí resource_size_t. Orúkọ tuntun yìí sọ iṣẹ́, ó sì fi gígùn sílẹ̀ fún ẹni tí ń pèsè kernel láti yan 32 tàbí 64. A lè béèrè pé kí ni kò jẹ́ kí wọ́n lo 64 níbi gbogbo. Lórí ẹ̀rọ kékeré, nọ́ńbà 64 gba ìlọ́po méjì ààyè, ìṣirò rẹ̀ sì gba ìgbésẹ̀ púpọ̀ sí i. A kì í di ẹrù erin lé ewúrẹ́ lórí.

Ẹ̀kọ́ yìí kan àwọn ọmọ wa tí ń kọ ètò ní Èkó. Nọ́ńbà fóònù tí ó bẹ̀rẹ̀ láti 080 ju ohun tí ààyè 32 lè gbà lọ. Bí a bá sì kọ ọ́ bí iye owó, 0 iwájú rẹ̀ yóò sọnù. Kì í ṣe ohun tí a ń rò pọ̀ tàbí yọ kúrò, orúkọ ni. Kí a tó yan irú nọ́ńbà fún ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ béèrè ohun tí ó jẹ́, kí á tó béèrè bí ó ti gùn tó.