Ta Ni Yóò Gbọ́ Wa Tán?

Arábìnrin kan nínú ìjọ kan tí a mọ̀ wọ ọ́fíìsì olùṣọ́-àgùntàn. Kò tí ì sọ ju gbólóhùn méjì lọ nípa ọkọ rẹ̀ tí wọ́n fi ní kí ó kúnlẹ̀. Wọ́n gbé ọwọ́ lé e lórí, wọ́n dè, wọ́n tú, wọ́n fún un ní ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ó ṣe àmín, ó sì lọ. Ẹrù tí ó gbé wá ni ó gbé padà sílé.

Ẹ̀yin ará wa ọ̀wọ́n, kì í ṣe pé àdúrà kò dára o. Ṣùgbọ́n ta ló gbọ́ arábìnrin yìí tán?

Ọmọ Amẹ́ríkà kan, Carl Rogers, fi ọjọ́ ayé rẹ̀ yẹ irú ìbéèrè yìí wò. Wọ́n bí i ní 1902 sínú ilé onígbàgbọ́ tí ó le koko, níbi tí ọtí, ijó àti káàdì títa ti jẹ́ èèwọ̀. (Ọ̀pọ̀ nínú wa mọ irú ilé bẹ́ẹ̀ dáadáa!) Ní 1924 ó wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn oníwàásù ní New York, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún méjì ó kúrò, ó lọ kọ́ ìmọ̀ nípa ọkàn àti ìwà ẹ̀dá. Ó dùn wá pé ó fi iṣẹ́ ìwàásù sílẹ̀, a kò ní fi pamọ́.

Ní ìlú Rochester, níbi tí ó ti fi ọdún méjìlá tọ́jú àwọn ọmọ tí apá òbí kò ká, ìyá kan kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Ọmọ obìnrin yìí ya ìpáǹle. Lójú Rogers, ìyá náà kò fẹ́ràn ọmọ yìí láti kékeré, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ó fi sùúrù ṣàlàyé títí, ọ̀rọ̀ kò wọlé. Níkẹyìn ó ní àwọn méjèèjì ti gbìyànjú, kò sì bọ́ sí i, kí àwọn kúkú dáwọ́ dúró. Ìyá náà gbà, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Ó kù díẹ̀ kí ó jáde ni ó bojú wẹ̀yìn, ó béèrè bóyá wọ́n ń gba àgbàlagbà náà níbẹ̀ fún ìmọ̀ràn. Rogers ní bẹ́ẹ̀ ni. Ló bá padà wá jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó rẹ̀ tí ó ti dàrú, ọ̀rọ̀ tí kò jọ èyí tí ó ti ń sọ tẹ́lẹ̀ rárá. Lọ́tẹ̀ yìí, Rogers gbọ́. Ìyá rí ìtura, ọmọ náà sì yí padà.

Láti ibẹ̀ ni ó ti ń rí i pé ẹni tí ọ̀rọ̀ ń dùn gan-an ló mọ ibi tí ó ti ń dùn ún. Ní 1957 ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí olùgbani-nímọ̀ràn má ṣe ojú ayé, kí ó tẹ́wọ́ gba ẹni náà bí ó ti rí, kí ó sì máa fi ojú ẹni náà wo ọ̀ràn. Òun àti Abraham Maslow wà lára àwọn tí ó fìdí ẹ̀kọ́ tí ó gbé iyì ọmọ ènìyàn ga yìí múlẹ̀.

Níbì kan, a kò bá a lọ. Rogers gbà pé rere ni ìpìlẹ̀ ọkàn ènìyàn. Bí ọkàn bá lè wẹ ara rẹ̀ mọ́, kí ni Jésù wá ṣe lórí igi? Síbẹ̀, Jésù kan náà jókòó létí kànga, ó jẹ́ kí obìnrin ará Samáríà sọ tẹnu rẹ̀, kò sì tìtorí ìyẹn fi ọ̀rọ̀ ọkọ márùn-ún bò fún un.

Láyé àwọn baba wa, ìyá àgbà wà nínú agboolé tí a lè sunkún sí létí. Nínú ìlú ńlá tí kálukú tilẹ̀kùn mọ́rí, ìjọ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ní. Báwo ni wọn yóò ṣe sọ̀rọ̀, nígbà tí ohun tí wọ́n sọ ní kọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ń di àpẹẹrẹ ìwàásù lọ́jọ́ Àìkú? Ẹni tí kò rí oorun sùn mọ́, tàbí tí ó ń sọ pé òun yóò pa ara òun, ẹ má ṣe dá a dúró sọ́dọ̀ wa nìkan. Ẹ tètè mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Àró wà ní Abẹ́òkúta.

Arábìnrin wa padà wá lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Màmá àgbàlagbà kan nínú ìjọ fún un lómi mu, ó sì jókòó tì í. Ó tó wákàtí méjì. Ọ̀rọ̀ ọkọ kọ́ ló wà nídìí rẹ̀. Ọmọ ló kú mọ́ ọn lọ́wọ́ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Gbogbo ayé ní omi ló dànù, agbè kò fọ́, kò sì sí ẹni tí ó jẹ́ kí ó sunkún. Ó sun ún lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ó nu ojú tán, òun fúnra rẹ̀ ló ní, "Màmá, ó yá, ẹ jẹ́ ká gbàdúrà."