ẸNI TÓ BÁ KÁNJÚ RA Ẹ́ŃJÌNNÌ AGBÉGILÓDÒ, IRIN LÁSÁN LÓ MÁA GBÉ DÉ Ọ̀RẸ̀

Ọ̀rọ̀ agbégilódò tí a mú wá lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ti dẹ́rẹ́bà nìkan. Lọ́pọ̀ ìgbà, owó èésú ìyá tàbí ti ìyàwó ló wà nínú ẹ́ńjìnnì tí bàbá ń wà kiri. Bí owó náà bá wọgbó, ta ni yóò sunkún?

Kò sẹ́ni tó dàgbà ní agbègbè wa tí kò mọ ọkọ̀ yìí. Òun ló ń wọ igbó ọba Olúwa, tó ń fi ẹrẹ̀ wẹ̀, tó sì ń ru gẹdú dé sọ́míìlì. Èyí tí orúkọ rẹ̀ ò lè parẹ́ nínú wọn ni Mercedes 911, tí àwa ń pè ní náìn-ílẹ́fìn. Ní 1959 ni Mercedes-Benz kọ́kọ́ gbé irú ọkọ̀ onímú kúkúrú bẹ́ẹ̀ jáde ní Jámánì. Nígbà tó di 1964, wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì dísù kan dé, OM 352 ni wọ́n ń pè é. Sílíńdà 6 ló ní, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn bí ọmọ iléèwé, ìwọ̀n rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà 5.7. Ẹ ṣírò ó wò: ti Píjò 504 onípẹtiróò tí gbogbo wa wọ̀ lọ sí Èkó rí, bíi lítà 2 péré ni.

Ẹ́ńjìnnì yìí ò ní kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá mọ sípánà lò lè tú u, kó sì tún un tò lábẹ́ igi. Ìdí nìyẹn táwọn ọlọ́kọ̀ ò fi fẹ́ fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n Mercedes-Benz ti pa ṣíṣe ọkọ̀ náà tì tipẹ́, èyí tó dáa nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ti di ohun tí à ń fi àtùpà wá lọ́sàn-án gangan.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ni wọ́n ti ń wá ẹ́ńjìnnì bí ẹni ń wá ọmọ o. Ní Amẹ́ríkà, Chevrolet gbé ẹ́ńjìnnì ńlá kan jáde ní 1970, 454 lorúkọ rẹ̀, lítà 7.4 ni. Àwọn olówó tó ń tọ́jú ọkọ̀ àtijọ́ ń wá a kiri títí dòní. Ohun tí wọ́n ń wò ni nọ́ḿbà tí wọ́n tẹ̀ sára irin rẹ̀, bóyá ó bá ti ọkọ̀ mu. Bí kò bá bá a mu, owó ọkọ̀ já wálẹ̀. Àwọn ń ṣe é fún fáàrí, àwa ń ṣe é fún oúnjẹ òòjọ́, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan náà ni.

KÍ LẸ MÁA WÒ KẸ́ Ẹ TÓ SANWÓ?

Ládípọ̀ ní Muṣin àti Owódé Onírìn, l'Ékòó, ni ọ̀pọ̀ ń lọ. Ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ pọ̀ níbẹ̀ bí iṣu. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀dà tí wọ́n fi kùn ún tàn yín jẹ. Ẹ mú mẹkáníìkì tiyín dání, ẹni tí kò ní gba ẹ̀gúnjẹ lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á.

Àkọ́kọ́, kó fi sípánà yí káráńkì po lẹ́ẹ̀mejì gbáko. Bó bá há, ẹ kọjá lọ. Èkejì, ẹ fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ. Bí ọ́ìlì bá funfun bí ẹ̀kọ mímu, omi ti wọ inú rẹ̀ nìyẹn. Bóyá gáskẹ́ẹ̀tì ti jó, bóyá irin ti sán. Ẹ̀kẹta, ẹ ní kí wọ́n sítáàtì rẹ̀ nílẹ̀ níbẹ̀. Bó ti ń ṣiṣẹ́, ẹ ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí. Bí èéfín bá ń tú síta níbẹ̀ bíi ti ẹni tó ń yan ẹja, ríìngì ti jẹ tán nìyẹn. Bẹ́ ẹ bá gbọ́ kò-kò-kò nísàlẹ̀, ó ti fẹ́ nọ́ọ̀kì. Ẹ̀kẹrin, nọ́ḿbà rẹ̀: bí wọ́n bá ti fi fáìlì rẹ́ ẹ, ẹ sá. Nọ́ḿbà náà sì gbọ́dọ̀ wà nínú rìsíìtì tẹ́ ẹ máa gbà.

KÌ Í ṢE KÁ KÀN GBÉ E SÍ I

Ẹni tí kò bá rí OM 352 lè ní kí wọ́n gbé OM 366 sí i. Àbúrò rẹ̀ ni, lára rẹ̀ ni wọ́n ti mú un jáde, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà 6. Ṣùgbọ́n ọmọ ìyá kan náà kì í wọ bàtà kan náà. Mẹkáníìkì gbọ́dọ̀ wọn ihò bóòtù tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ gíábọ́ọ̀sì, kó wo fláíwíìlì àti kílọ́ọ̀ṣì, kó wo ìjókòó rẹ̀ lórí ṣáásì. Agbégilódò tí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ náà ń fà, ẹ ṣọ́ra fún un: àwo ọ́ìlì tó wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì lè kan irin ẹsẹ̀ iwájú. Lọ́jọ́ tó bá já sí kòtò nínú igbó, àwo á fọ́, ọ́ìlì á dànù, owó èésú á sì bá a lọ.

Èyí tó ń dẹ́rù bà mí jù ni bíréèkì. Ọkọ̀ tó bá ti ní agbára tuntun, olówó rẹ̀ á fẹ́ fi gẹdú kan lé ẹrù. Bẹ́ẹ̀ bíréèkì àná ló ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ló ń gbé ọkọ̀ gòkè, bíréèkì ló ń sọ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀. Títì Ọ̀rẹ̀ ni ọkọ̀ Èkó àti ọkọ̀ Bìní ń gbà kọjá tọ̀sán-tòru. Gẹdú tó bá já bọ́ níbẹ̀ kì í bi alágbàdo léèrè orúkọ kó tó tẹ̀ ẹ́ pa.

Ìwé náà ńkọ́? Nọ́ḿbà ẹ́ńjìnnì wà nínú ìwé ọkọ̀. Ẹ mú rìsíìtì lọ sí ọ́fíìsì láísẹ́ńsì kí wọ́n fi tuntun rọ́pò tàtijọ́. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ọlọ́pàá tó bá yẹ̀ ẹ́ wò lójú ọ̀nà lè ní ẹrù olè ni, ẹ ó sì máa rojọ́ tí kò yẹ kẹ́ ẹ rò.

Ẹ̀yin ìyá, owó yín lẹ fẹ́ ná, ẹ lẹ́nu ọ̀rọ̀. Kẹ́ ẹ tó tú u sílẹ̀, ẹ bèèrè pé: Ta ló yẹ ẹ́ńjìnnì wò? Nọ́ḿbà rẹ̀ dà? Bíréèkì ńkọ́? Ẹni tí kò bá lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kó lọ wádìí wá ná. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ̀yin tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ojú ìwé lẹ́tà wa, kí ẹlòmíràn lè fi kọ́gbọ́n.