Gimbal àti Lẹ́ńsì Lọ́wọ́ Ẹni tí ó Ń Gba Ewì Sílẹ̀

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gbé kámẹ́rà tẹ̀lé onílù kiri agbo rí yóò mọ̀ pé iṣẹ́ náà kì í ṣe kékeré. Ẹsẹ̀ ń rìn, ọwọ́ ń gbọ̀n, àwòrán a sì máa mì bí ẹni pé inú ọkọ̀ ojú omi ni a ti yà á. Nítorí èyí ni ẹ̀rọ tí à ń pè ní gimbal fi wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ń ya fídíò ìgbéyàwó àti òkú àgbà lóde òní. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá náà sì ń lò ó bí a bá lọ gba ewì alohùn sílẹ̀. Ohun tí mo ṣàkíyèsí ni pé lẹ́ńsì tí a ń pààrọ̀ ń kó ìyọnu bá wa ju ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ lọ.

Apá mẹ́ta ni gimbal ní, ẹ̀ńjìnnì kékeré tí ń lo bátìrì sì wà ní oríkèé kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan ń ṣọ́ bí kámẹ́rà ti ń wòkè tàbí wolẹ̀, èkejì ń ṣọ́ bí ó ti ń yí sọ́tùn-ún tàbí sósì, ẹ̀kẹta kò sì ní jẹ́ kí ó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Steadicam tí Garrett Brown ṣe ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n lò nínú fíìmù Bound for Glory ní 1976, kò ní irú ẹ̀ńjìnnì wọ̀nyí, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ni ìpìlẹ̀ àwọn méjèèjì.

Ọ̀pọ̀ wa rò pé ẹ̀ńjìnnì ni yóò ru kámẹ́rà. Rárá o. Àṣìṣe ọwọ́ ni ó wà fún, kò wà fún ẹrù rírù. Kí a tó tan ẹ̀rọ, a ní láti yọ ìdérí lẹ́ńsì, kí á sún kámẹ́rà síwájú, sẹ́yìn, sẹ́gbẹ̀ẹ́, títí yóò fi dúró síbikíbi tí a bá dá a dúró sí. Lẹ́ńsì Canon EF 50mm f/1.8 STM wọn nǹkan bí 160 gíráàmù. EF 24-70mm f/2.8L II wọn 805. Ẹni tí ó bá yọ ti àkọ́kọ́, tí ó fi èkejì sí i láìtún ìwọ̀n ṣe, imú kámẹ́rà yóò tẹ̀ wálẹ̀. Ẹ̀ńjìnnì á máa jà, á gbóná, bátìrì á tètè tán, àwòrán á sì máa gbọ̀n rìrì.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Bàbá oníjàálá kan, tí wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, gbà kí á wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Lẹ́ńsì 24mm ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ki erin, mo fẹ́ kí ojú wọn hàn kedere, mo sáré fi 85mm sí i, n kò sì dúró tún ìwọ̀n ṣe. Ohùn mọ́ gaara, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí ojú Bàbá gbé dúró jẹ́ẹ́. Nígbà tí a padà lọ lẹ́yìn oṣù mélòó kan, Bàbá kò lè dìde mọ́.

Ìwọ̀n nìkan kọ́ ni ó bà á jẹ́. Lẹ́ńsì gígùn bí 85mm a máa sọ ìgbọ̀n kékeré di ńlá. 16mm tàbí 24mm máa ń bo àṣìṣe mọ́lẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí ó bá wà létí àwòrán a máa fẹ̀ ju bí ó ti rí lọ. Lẹ́ńsì tí ń gùn síwájú bí a bá fà á, irú 24-70mm yẹn, tún ní wàhálà tirẹ̀: bí ó ti ń gùn ni ìwọ̀n ń yí padà. Ibi tí a ó ti lò ó jù ni kí á fà á sí kí á tó wọ̀n ọ́n. Kò sì sí gimbal oníẹ̀ńjìnnì mẹ́ta tí ó lè mú ìfòsókè-fòsódò ẹsẹ̀ kúrò; orúnkún ni a óò tẹ̀ díẹ̀ bí a bá ń rìn.

Ní tèmi, 35mm kan ṣoṣo ni mo ń gbé lọ sóde ìjálá báyìí. Bí mo bá fẹ́ rí ojú apohùn, màá tọrọ àyè, màá sì fi ẹsẹ̀ mi sún mọ́ wọn.