Àpẹẹrẹ Tí Kò Ka Àmì Ọ̀rọ̀ Sí

Nínú ìwé ìlànà kọ̀ǹpútà, àpẹẹrẹ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́kọ́ wò; bí wọ́n bá sì ti bá a ni wọ́n ń dà á kọ. Nítorí náà, àléébù kan ṣoṣo nínú àpẹẹrẹ a máa di àléébù ní ọ̀pọ̀ ibi iṣẹ́.

Ẹ wo èyí, tí a kọ fún MySQL, ètò ìkó-ọ̀rọ̀-pamọ́ tí a ń lò káàkiri ayé:

CREATE TABLE akojo (oro VARCHAR(60) PRIMARY KEY);

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí kọ̀ǹpútà ṣí àtẹ kan tí ń jẹ́ akojo, kí ọ̀rọ̀ kan má sì wọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí kò sọ ni àléébù rẹ̀: kò sọ irú lẹ́tà tí àtẹ náà yóò gbà, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ bí yóò ṣe mọ ọ̀rọ̀ kan yàtọ̀ sí èkejì.

Bí olùkọ́ kan ní Lálúpọn, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Lágelú, bá fẹ́ fi àpẹẹrẹ yìí kó orúkọ ìlú àti ọ̀rọ̀ àwọn àgbẹ̀ jọ, kí ni yóò ṣẹlẹ̀? Ṣáájú ẹ̀dà 8.0, tí ó jáde ní 2018, latin1 ni MySQL ń lò fún ẹni tí kò bá yan òmíràn. Latin1 ní á àti ú, ṣùgbọ́n kò ní ẹ, ọ àti ṣ. Ní àwọn ẹ̀dà àtijọ́, Lálúpọn lè wọlé kí ó di Lálúp?n. Àmì ìbéèrè kan náà ni ó ń rọ́pò lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sì sí ohun tí ó kù nínú àtẹ tí a lè fi mọ èyí tí ó sọnù.

Ẹ̀dà 8.0 sọ utf8mb4, tí ó gba gbogbo lẹ́tà Yorùbá, di àyànmọ̀. Ṣùgbọ́n òfin ìfiwéra tí ó bá a wá, utf8mb4_0900_ai_ci, kò ka àmì sí. Bí oko bá ti wà nínú àtẹ, ọkọ́ kò ní í wọlé mọ́. Ẹ̀rọ yóò ní ọ̀rọ̀ náà ti wà níbẹ̀. Oko tí àgbẹ̀ ń ro àti ọkọ́ tí ó fi ń ro ó di ọ̀kan. Ọkọ̀ tí ń kó ìkórè rẹ̀ lọ sí Ìbàdàn kò sì rí àyè.

Àtúnṣe rẹ̀ nìyí:

CREATE TABLE akojo (oro VARCHAR(60) PRIMARY KEY) CHARACTER SET utf8mb4 COLLATE utf8mb4_0900_as_ci;

Òfin yìí a máa ka àmì sí. Kì í ṣe pé ti ìṣáájú kò wúlò rárá: ẹni tí ń wá Lálúpọn láì fi àmì sí i yóò rí i kíákíá. Ìyàtọ̀ wà láàárín wíwá ọ̀rọ̀ àti títọ́jú ọ̀rọ̀.

Ẹni tí yóò tún ìwé ìlànà ṣe kò gbọdọ̀ fi àkíyèsí kan há ìsàlẹ̀ ojú ìwé, kí ó sì fi àpẹẹrẹ sílẹ̀ bí ó ti wà. Kí ó tún àpẹẹrẹ gan-an ṣe. Kí ó dárúkọ ẹ̀dà tí ó fi dán an wò. Kí ó sì fi oko, ọkọ́ àti ọkọ̀ dán an wò. Àti kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.