Báwo Ni A Ṣe Ń Mọ̀ Pé Irinṣẹ́ Gbẹ́nàgbẹ́nà Mú Tó?

Ẹ̀yin ọmọ, ǹjẹ́ ẹ ti dúró nítòsí ìsọ̀ káfíńtà rí? Bí ẹ bá fetí sílẹ̀ dáadáa, ẹ óò gbọ́ ìró méjì tí ó yàtọ̀ síra. Nígbà mìíràn, ìfági a máa kọjá lórí pákó ṣáá, ṣáá, bí ìgbà tí ènìyàn ń ya aṣọ. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, a máa gbọ̀n, a máa dúró, a sì máa ta lórí pákó. Pákó kan náà ni, ọwọ́ kan náà ni. Ẹnu irin ni ó yàtọ̀.

Ọ̀pọ̀ ọmọ rò pé irinṣẹ́ tí ó mú ni ó léwu jù. Òótọ́ ni pé ó léwu fún ẹni tí ń fi í ṣeré. Ṣùgbọ́n lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, èyí tí ó kúnu ni ó burú jù, nítorí pé agbára púpọ̀ ni yóò fi tì í. Bí ó bá yọ̀ lórí igi lójijì, gbogbo agbára náà ni yóò bá a lọ sí ọwọ́ kejì. Bí ó ti ṣe mí nìyẹn nígbà tí mo ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Mo rò pé ṣísẹ́lì mi mú nítorí pé ó ń kọ mànà. Àpá rẹ̀ wà ní ìdí àtàǹpàkò òsì mi títí di òní.

Iṣẹ́ náà pẹ̀lú wà nínú ewu. Ẹ jẹ́ kí a wo Ọlọ́wẹ̀ ti Ìsẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà tí òkìkí wọn kàn jù ní ilẹ̀ Yorùbá. Ẹ̀fọ̀n-Alààyè ni a ti bí i, ṣùgbọ́n Ìsẹ̀-Èkìtì ni ó gbé ṣiṣẹ́ títí ó fi kú ní 1938. Láàárín 1910 sí 1914, ó gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Ní 1924, wọ́n kó ilẹ̀kùn kan nínú wọn lọ sí ìpàtẹ ńlá tí ó wáyé ní Wembley, ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Ó wu àwọn òyìnbó tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ṣe ìtẹ́ kan fún Ògògà kí wọ́n lè fi pààrọ̀ rẹ̀. Ilẹ̀kùn náà ṣì wà ní British Museum.

Àwọn ènìyàn tí Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ sára ilẹ̀kùn yẹn kò tẹ́ pẹrẹsẹ. Orí wọn yọ síta kúrò lára pákó. Ẹ ronú bí irin yóò ti wọ ẹ̀yìn irú orí bẹ́ẹ̀ láti gé igi ibẹ̀ kúrò. Àyè kò sí láti fi agbára tì í. Bí irin bá kúnu, ọrùn ni yóò kán, igi tí ó bá sì ti kán dànù kò ṣe é dá padà.

Báwo wá ni òṣìṣẹ́ ṣe ń mọ̀ pé irin mú tó?

Ojú ni yóò kọ́kọ́ lò. Yóò gbé irin náà sí ìmọ́lẹ̀, yóò sì wo ẹnu rẹ̀ gan-an. Bí ó bá rí ìlà funfun tín-ín-rín kan, tàbí àmì kékeré tí ń tàn, kò tíì mú níbẹ̀. Ẹnu tí ó kúnu fẹ̀ díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ sì rí ibi bà lé lórí rẹ̀. Ẹnu tí ó mú tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ kò rí ibi dúró sí. Ọ̀nà yìí ni mo fẹ́ràn jù, nítorí pé kò sí ìka tí yóò kan irin.

Nígbà tí a bá ń pọ́n irin lórí òkúta ìpọ́nrin, tí òkúta sì jẹ ẹ̀gbẹ́ kan títí dé ẹnu, irin díẹ̀ yóò ká sí ẹ̀gbẹ́ kejì bí irun wẹ́wẹ́. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọṣẹ́ ti ń ṣìnà. Bí wọ́n bá ti rí irun yẹn, wọ́n á ní ó ti parí. Irun náà fi hàn pé òkúta ti dé ẹnu ni. Kò fi hàn pé ẹnu ti mú. Bí a bá fi í sílẹ̀, yóò kán nígbà tí a bá kọ́kọ́ gé igi, ẹnu yóò sì rí págunpàgun. A ní láti dojú ẹ̀gbẹ́ kejì dé òkúta, kí a pọ́n ọn díẹ̀díẹ̀, kí a sì nu ún mọ́ awọ títí irun náà yóò fi tán. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀rọ ni a fi ń pọ́n ọn, omi gbọ́dọ̀ wà nítòsí. Irin tí ó bá gbóná títí tí ó fi di aláwọ̀ búlúù ti sọ líle rẹ̀ nù. Bí a tilẹ̀ pọ́n ọn, kò ní pẹ́ tí yóò fi kúnu.

Àwọn àgbà mìíràn a máa gbé ẹnu irin lé èékánná wò bóyá yóò dúró tàbí yóò yọ̀. Àwọn mìíràn a máa fi fá irun apá. Mo mọ káfíńtà kan tí apá òsì rẹ̀ ń dán bí ti ọmọ tuntun! Ẹ má ṣe dán èyí wò.

Igi fúnra rẹ̀ ni ó máa ń sọ òtítọ́ jù. Ẹ lè rò pé igi líle bí ìrókò ni a óò fi dán irin wò. Rárá o. Igi rírọ̀ bí arère ni. Igi líle lè dúró fún irin tí kò mú dáadáa, ṣùgbọ́n igi rírọ̀ yóò tẹ̀ kí irin tó gé e. Òṣìṣẹ́ yóò mú èkúfọ́ arère, yóò sì fi ṣísẹ́lì bẹ́ orí rẹ̀ níbi tí ayùn ti gé e kọjá. Bí ṣísẹ́lì bá mú, ojú ibẹ̀ yóò jọ̀lọ̀, yóò sì máa dán. Bí kò bá mú, ojú ibẹ̀ yóò funfun, yóò ṣe hàrà, ihò kéékèèké yóò sì wà níbi tí igi ti fà tu. Olùkọ́ yín lè bá yín bẹ káfíńtà àdúgbò kí ó ṣe é lójú yín.

Síbẹ̀, gbogbo irinṣẹ́ kọ́ ni ó gbọ́dọ̀ mú bákan náà. Ipele mẹ́rin ni àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà wa ń pín iṣẹ́ sí: ọnà lílé, àlétúnlé, dídán àti fínfín. Àáké ni a fi ń lé ọnà. Bí a bá pọ́n àáké títí ẹnu rẹ̀ fi fẹ́lẹ́ bí abẹ, yóò gé igi lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà ẹnu rẹ̀ yóò ya. Ẹnu tirẹ̀ ní láti nípọn díẹ̀. Ọ̀bẹ tí a fi ń fín ojú, irun orí àti ilà ni ó yẹ kí ó fẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé a kì í fi í gbá igi.

Ní ti ayùn, eyín rẹ̀ ni a ń wò. Bí ṣóńṣó eyín bá ń tàn, ó ti jẹ. Ayùn bẹ́ẹ̀ a máa yà kúrò lórí ìlà, a sì máa mú kí igi gbóná.

Irin kì í mú títí. Òṣìṣẹ́ gidi kì í dúró di ìgbà tí yóò máa làágùn kí ó tó mọ̀. Bí ó bá ti ń gbọ́ tí ìfági ń gbọ̀n, tí ohun tí ó ń fá sì ti di èérún dípò kí ó máa ká jáde gbọọrọ, yóò gbé iṣẹ́ sílẹ̀, yóò sì padà sí ìdí òkúta.