Ẹnu Ihò Iná Kò Dọ́gba Káàkiri Ayé

Ọmọ tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí ni ó máa ń wí pé kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ẹni tí kò tí ì kúrò ní Ìbàdàn rí lè máa rò pé ihò mẹ́ta onígun mẹ́rin tí ó wà lára ògiri ilé òun ni ó wà lára ògiri gbogbo ayé. Ọwọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n fi ìlànà rẹ̀ lélẹ̀ ní ọdún 1947, ni a ti gbà á, ìdí sì nìyí tí ará Òṣogbo fi lè gúnlẹ̀ sí Lọ́ńdọ̀nù kí ó ki ṣájà rẹ̀ bọ ògiri láìbi ẹnikẹ́ni, nígbà tí ẹni tí ó kàn ré ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ kọjá lọ sí Kùtọnù yóò bá ihò róbótó méjì pàdé, àṣà àwọn Faransé, tí irin kékeré kan yọ ṣóńṣó lókè wọn.

Ti Kùtọnù kò le, nítorí pé agbára iná ibẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa. Adápítọ̀ kékeré kan ti parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe gbé adápítọ̀ ga ju ipò rẹ̀ lọ: àrọ tí a fi ń da epo sínú ìgò kì í sọ epo di omi, ìrísí ẹnu nìkan ni adápítọ̀ ń bá wa ṣe.

Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ gbé wà. Iná mànàmáná, a-kọ-mànà-má-rọ̀jò, fóltì 120 ni tiwọn, tiwa jẹ́ 230. Bí fóltì bá sì dín sí ìdajì, ooru kò dúró ní ìdajì, ìdá mẹ́rin rẹ̀ kan ni yóò kù. Ẹni tí ó bá gbé kẹ́tùlù Nàìjíríà lọ sí Houston yóò jókòó ti omi rẹ̀ títí. Èyí tí ó burú ni ti ẹni tí ń bọ̀ wálé: áyọ́ọ̀nù tí a ṣe fún iná Amẹ́ríkà, bí a bá kì í bọ ògiri l'Abẹ́òkúta, nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin ooru ni yóò ya lù ú, òórùn rọ́bà jíjó ni yóò sì kọ́kọ́ sọ fún onílé. Ti Brazil tilẹ̀ tún yani lẹ́nu, nítorí 127 ni ti Rio, 220 sì ni ti Brasília, nínú orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo!

Àlejò lójú, kò fi ríran, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá yí ẹ̀yìn ṣájà rẹ̀ wò yóò ríran. Àkọlé tín-ín-tín kan wà níbẹ̀. Bí ó bá kà pé 100–240V, 50/60Hz, irú èyí tí ó wà lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ ṣájà fóònù àti ti kọ̀ǹpútà àgbéletan, kò sí ìlú tí kò lè bá a lára mu. Bí ó bá kà pé 220–240V péré, tí ìlú tí à ń lọ sì jẹ́ ti fóltì kékeré bí Amẹ́ríkà, ilé ni kí ó wà, pàápàá ohun tí ń mú ooru jáde. Aṣọ tí ó bá rún lọ́nà àjò, áyọ́ọ̀nù onílé ni kí a yá.